Ọjọ́ tí Ìyálé Mi Fà Mí Yọ Nínú Àká

Ẹni tó bá rí mi lónìí kò ní gbà pé mo tẹ́ẹ́rẹ́ rí. Ṣùgbọ́n mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìyẹn ló sì sọ mí di ẹni tó ń wọ àká. Ó tó ọdún kẹta lẹ́yìn tí ìjọba ní kí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Oko wa wà lẹ́yìn Àgọ́ Àmọ́dù. Àká méjì ló wà níbẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n, ribiti, wọ́n ga ju ọkùnrin lọ, wọ́n sì jókòó lórí òkúta kí ikán má baà rí wọn jẹ. Òkè ni ẹnu àká wà, kò sì fẹ̀ ju ejìká obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Koríko tí a hun bí akẹtẹ̀ la fi ń dé e. Inú ibẹ̀ ni ọkà bàbà tí a ó máa jẹ títí di ìkórè mìíràn wà.

Ìdílé ọkọ mi ní òfin lórí wíwọ àká. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò so okùn mọ́ abẹ́ abíyá, okùn náà yóò gba orí ẹ̀ka igi emi tó nà sókè àká, ẹnì kejì yóò sì di ìdí rẹ̀ mú lórí àkàsọ̀. Bí ẹnì kejì yìí ṣe ń gba igbá ọkà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa pè é pé, “Ṣé o wà?” Ẹni inú àká yóò dáhùn pé, “Mo wà.” Bí kò bá dáhùn, fífà ni. Wọn kì í pè é lẹ́ẹ̀mejì, ẹni òde kò sì gbọdọ̀ ki orí bọ inú àká láti wò ó. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan kú sínú àká kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà ayé bàbá ọkọ wọn. Àbúrò wọlé lọ wo ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n, òun náà kò jáde mọ́.

Ìyálé mi ló máa ń di okùn tèmi mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àwọn ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ya òmùgọ̀ tó.

Ìyá mi wá kí mi láti Ìgbẹ́tì. Níbi tí gbogbo wa ti jókòó, ìyálé mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ kú ọmọ o, ìyá ìyàwó. Ọmọ yín mọ nǹkan gbogbo ṣe tán, ó ku kó fọ ọkà kí iyanrìn kúrò nínú ẹ̀kọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yan ìyálé mi lódì. Odì yíyàn sì níṣẹ́ nínú! N kò kí wọn, n kò dá wọn lóhùn, bí a bá pàdé lọ́nà odò, màá gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Ọjọ́ kẹrin odì la ṣí àká àkọ́kọ́. Mo wọlé, mo bu igbá méjì, ìyálé mi sì pè mí: “Ìyàwó, ṣé o wà?” Mo ní kí n dá ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín lójú ìyá mi lóhùn? Láéláé! N kò tíì rò ó tán tí okùn fi gbé mi kúrò nílẹ̀. Ó bó mi lábíyá, orí mi gbá ẹnu àká. Ìyálé mi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Mo pòṣé, mo sọ̀ kalẹ̀. Ká má purọ́, inú mi dùn pé ẹ̀rù bà wọ́n.

Oògùn tuntun ni ọkọ mi fi pa kòkòrò inú àká kejì, kóró funfun kan tó rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ọkà ní Ṣakí. Ó kìlọ̀ fún wa pé bí a bá ṣí i, kí ẹnu rẹ̀ wà gbayawu fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ oògùn náà ń pànìyàn. Ìyálé mi fọwọ́ ara wọn ṣí i, wọ́n sì padà sílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Ìyá ọkọ mi wà nínú ahéré, wọ́n ń dáná, wọn kò rí mi. Mo sáré gun àkàsọ̀, mo dé àká padà kí ọkà má baà tutù. Ojú ọ̀run kò mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kó ọkà ni mo tó ṣí i, kí ìyálé mi tó dé.

Ìyálé mi béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi bóyá àká ti wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ní ó ti pé. Èmi nìkan ló mọ̀ pé kò pé. Ká ní mo la ẹnu, ó ti parí, ṣùgbọ́n mo ń yan odì. Mo tún rò ó pé kí ni òru díẹ̀ lè ṣe. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo so okùn, mo wọlé.

Igbá kẹta ni mo bù tí òórùn kan bí ayù tó ti rà gbá mi nímú. Àyà mi fún, etí mi ń hó, ọkà ń sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé o wà?” Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ dáhùn. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ẹnu mi kò ṣí.

Ìyá ọkọ mi ló sọ ìyókù fún mi. Ìyálé mi kò pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yí okùn mọ́ ọwọ́, wọ́n sì fò láti orí àkàsọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìwúwo ara wọn ló fà mí dé ẹnu àká. Wọ́n di okùn mú, wọ́n ń kígbe títí àwọn ará oko ìtòsí fi sáré dé, tí wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Mo bì títí kò fi ku nǹkan kan. Ọkọ̀ oníṣu ló gbé wa dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Alihamudulilahi. Gbogbo ọmọ tí mo bí, ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni mo bí wọn.

Ọjọ́ kejì tí mo délé, ní àkókò ìrun alaasari, mo rí ìyálé mi níwájú búùtà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlùwàlá. Wọn kò lè gbé e. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn fún mi látàárọ̀. Okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹran ara hàn. Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀, mo gba búùtà, mo ń da omi sí wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń jẹ́wọ́: òjò, àká tí mo dé padà, gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n foríjì mí.

“Ìyálé mi,” mo ní, “mo ti fi ìdákẹ́ tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ kò rò ó pé odì náà ni mo tún ń yàn?”

“Mo rò ó,” ni wọ́n wí. “Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn. Mo sì fò.”

Wọ́n wá na ọwọ́ kejì sí mi kí n da omi sí i.