Téèpù Ọkọ Mi àti Pẹpẹ Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń fọ́ obìnrin lórí láàárọ̀ kùtù, ẹ lọ fẹ́ télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹpẹtẹ. Èmi ti fẹ́ tèmi, ó ti kọjá àtúnṣe. Ọkọ mi ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àmọ́ kò sí àwo kan ṣoṣo tó kúrò nílé yìí. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wà lórí àga, wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn ò fi lè ṣí tán mọ́. Tí àlejò bá dé, orí ìdúró ló ti máa kí wa.

Pẹpẹ tí a ní tẹ́lẹ̀, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kàn án. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Pákó náà kọ́kọ́ tẹ̀ láàárín, ó wá já lọ́jọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé kò sí èyí tó fọ́. Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ ń sọ̀rọ̀, o ò fọ́."

Ǹ bá ti kó gbogbo wọn fún ẹni tó bá fẹ́, bí kì í bá ṣe ti ojú rẹ̀. Dókítà ojú ti sọ fún wa pé ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn ni, kò lè dá a dúró. Ọkọ mi gbọ́, kò sunkún. Nígbà tí a délé, ó gbé àpò àgékù aṣọ tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí àwọn àwo náà: àrán fún orin tí a jọ ń gbọ́ nígbà tó ń fẹ́ mi, léèsì fún orin àwọn obìnrin, kàkí fún orin tó ní fèrè. Ó fẹ́ pẹpẹ tó lágbára, tí gbogbo wọn á ti dúró lóròó, tí kálukú á ní àyè tirẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa rí wọn nígbà tí ojú ò bá rí mọ́. Ó sì fẹ́ kó parí kí ojú tó lọ. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń fara dà á.

Àmọ́ ìfaradà mi ní òpin. Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ilé wa wá wo ibẹ̀. Ó ní pákó tó nípọn ni ká lò, kí àwọn pákó ìnàró sún mọ́ra kí èyí tó dùbúlẹ̀ má bàa tẹ̀, ká sì dè é mọ́ ògiri. Ó na ọwọ́ sí àwo kan kó lè wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi fò dìde.

"Má fọwọ́ kàn án! Gọ́ọ̀mù ọwọ́ ẹ ò tíì gbẹ. Èmi ni màá wọ̀n ọ́n."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Ta ló mọ nǹkan wọ̀n jù mí lọ ládùúgbò yìí?"

Ó fa téèpù aṣọ rẹ̀ yọ lọ́rùn, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí n tó bí àkọ́bí wa. Ó gbé páálí kan sún mọ́ fèrèsé, ó wọ̀n ọ́n, ó pe iye rẹ̀ fún káfíńtà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kó dúró ná. Ó fẹ́ kí pẹpẹ kúrò lára ògiri yìí kó bọ́ sí ti ọ̀hún, nítorí oòrùn. Ó tún dá a padà. Ó fẹ́ kí ìsàlẹ̀ ga sí i, kó má bàa máa bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà wá títí, ó sú u. Ó sú èmi náà. Tí ọkọ mi ò bá ń pààrọ̀ ètò, yóò dijú, yóò máa fọwọ́ wá ògiri kiri, ó ní òun ń kọ́ bí òun á ṣe máa rìn. Ó kọlu àga, ó da omi mi nù. Mo ní, "Ẹ la ojú yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní in, ẹ jọ̀ọ́!"

Nígbà tó yá, pẹpẹ dé. Ó lágbára lóòótọ́: káfíńtà gun orí rẹ̀, ó fò sókè, kò mì. Ọkọ mi mú àwo àkọ́kọ́, ó tì í. Kò wọlé. Ó yí i, ó tún tì í, kò wọlé. Gbogbo àyè tó wà nínú pẹpẹ náà ló kúrú fún gbogbo àwo tó wà nílé.

"Bàbá, iye tẹ́ ẹ pè fún mi ni mo gé o," ni káfíńtà wí.

"O ṣì í gé."

"Mi ò ṣì í gé. Ẹ má bínú o, Bàbá, ojú yín ni."

Káfíńtà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu òun. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé téèpù onírin rẹ̀ sórí tábìlì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Kó wọn jáde. Fún ẹni tó bá fẹ́. Tí mi ò bá lè wọn páálí mọ́, kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Inú bí mi gan-an. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí! Lẹ́yìn tí mo ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn nínú ilé ara mi! Àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí jù, nítorí mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, àní lọ́dọ̀ dókítà. Mo já téèpù gbà lọ́rùn rẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn án pé díẹ̀ báyìí ló ṣì kà, ká tún un ṣe, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo fi ojú mi tó dá ṣáṣá wọn páálí náà. Iye tó pè fún káfíńtà gẹ́lẹ́ ni mo rí.

Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Mo wá mú téèpù onírin, mo nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aṣọ. Àwọn àmì tó yẹ kó ṣe déédéé ara wọn kò ṣe déédéé. Ti aṣọ ti kọjá lọ. Téèpù tí wọ́n ti ń fà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, ó ti nà bí ọrùn síńgílẹ́ẹ̀tì tó gbó.

"Téèpù yín ló nà!" mo kígbe. "Kì í ṣe ojú yín!"

Ó gbà wọ́n, ó fi ìka tọ àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ṣòkòtò àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ṣòkòtò? Téèpù tẹ́ ẹ fi wọn èèyàn náà lẹ fi wọn aṣọ wọn. Káfíńtà ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Inú mi dùn, mo sì tún bú u, torí ó tọ́ sí i.

Káfíńtà padà wá, ó tọrọ àforíjì, ọkọ mi náà tọrọ tirẹ̀. Ọkọ mi ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, káfíńtà sì fi téèpù ara rẹ̀ wọn àwo. Ó tú pẹpẹ palẹ̀, ó fi pákó ìnàró tó gùn jùyẹn lọ sí i, ó dè é mọ́ ògiri. Àwọn àwo wọlé, wọ́n dúró lóròó, àgékù aṣọ wọn kọjú síta. Mo rí ilẹ̀ yàrá mi.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kún inú yàrá. Ọkọ mi dúró síwájú pẹpẹ, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àwọn páálí lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá léèsì, ó kọjá kàkí, ó dúró. Ó ní, "Àrán." Ó fà á yọ. Àrán ni lóòótọ́, orin wa àtijọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí. "Pẹpẹ ti dúró báyìí, ẹ yéé dijú, kẹ́ ẹ má lọ ṣubú lu nǹkan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn."

"Mi ò dijú," ó ní.

Mo lọ wo ojú rẹ̀: ó là sílẹ̀ nínú oòrùn, kò sì wo ibì kan. Mo jókòó sórí àga tí mo ti ń tìtorí ẹ̀ bá a jà, mo ní kó fa òmíràn yọ, kí n gbọ́ ohun tó máa pè é.