Ubaldo Charris, Ọ̀tá Ìyẹ̀fun

Títí dòní, bí ẹ bá dé Palmar del Caño tí ẹ dárúkọ olóògbé Ubaldo Charris, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni ti Sátidé Kánífáàlì tó dúró sáàárín títì, tó na ọwọ́ méjèèjì bí ọlọ́pàá ojú pópó, tó dá odindi ẹgbẹ́ oníjó Congo, ijó àtayébáyé Kánífáàlì wọn, dúró, tó wá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi, mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ìyẹ̀fun àgbàdo síra lónìí!"

Ní Palmar, ẹni tí ara ẹ̀ ò bá funfun kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán Kánífáàlì, á jẹ́ pé òun àti àdúgbò ń jà ni. Argemiro, ọ̀gá àwọn oníjó, yọjú lábẹ́ fìlà gíga tí wọ́n to òdòdó sí lórí.

"Enjinníà, kí ni ìyẹ̀fun ṣe fún yín?"

"Ó ń ba fídíò mi jẹ́! Hóró kọ̀ọ̀kan ló ń fò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ mi sì gbọ́dọ̀ ròyìn gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ iye hóró tó wà nínú páálí kan ṣoṣo?"

Argemiro ronú. "N ò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kà á." Ló bá da páálí ọwọ́ ẹ̀ lé Ubaldo lórí.

Gbogbo ọjà dìde láti bá wọn kà á. Nígbà tí Nubia ìyàwó ẹ̀ fi máa rí i, ojú àti eyín nìkan ló ṣẹ́kù tí èèyàn lè fi dá a mọ̀. Nubia wò ó sókè, ó wò ó sódò.

"Ṣé ẹ ti kà á tán?" ló bi í. Ọjọ́ méjì gbáko ni Ubaldo fi sín.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kórìíra ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Eneida, ti lọ sí Antofagasta ní Chile láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ó ń se oúnjẹ fáwọn awakùsà. Orúnkún ẹ̀ ò gba ọkọ̀ òfurufú mọ́. Bàbá wọn ló dá ẹgbẹ́ oníjó yẹn sílẹ̀, ọwọ́ Eneida fúnra ẹ̀ ló sì rán èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aṣọ ìléjìká tí wọ́n ń jó sí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ àbúrò ẹ̀: kó jẹ́ kí òun rí ijó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kedere, kí òun tó kú. Ubaldo, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Barranquilla, búra pé ó máa rí i. Ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ilé Eneida lẹ́yìn àwọn òkè Chile tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Bí odindi Kánífáàlì ṣe máa gba inú òwú yẹn kọjá, òun ni Ubaldo fi ọdún méje wá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, Eneida pè é lórí fóònù bí ijó ṣe ń lọ lọ́wọ́.

"Ubaldo, mo rí nǹkan pupa onígun mẹ́rin kan àti yẹ́lò onígun mẹ́rin kan tí wọ́n ń kíra wọn."

"Ti pupa yẹn, Argemiro ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òun náà nìyẹn? Ó ti sanra o. Ta wá ni yẹ́lò?"

Ubaldo bojú wo kọ̀m̀pútà ẹ̀. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni."

"Bá mi kí i," ni Eneida wí.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú un padà sídìí iṣẹ́. Ó pe Nubia sí pálọ̀, ó na ìka sí ògiri.

"Ṣé ògiri yìí ti kúrò níbẹ̀ látàárọ̀?"

"Kó lọ síbo?"

"Ẹn-ẹ́n! Kí ló dé tí n ó máa sọ fún Eneida ní gbogbo ìgbà pé ògiri wà níbẹ̀? Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ohun tó bá yí padà nìkan ni ẹ̀rọ mi máa fi ránṣẹ́."

Lójú Nubia, ọgbọ́n gidi ni, àfìgbà tí ọgbọ́n náà wọlé wá bá a. Ubaldo dé láti Barranquilla nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Báwo ni ọ̀nà?"

"Bíi tàná."

"Ẹja tí mo dì fún ẹ ńkọ́?"

"Iyọ̀ lé díẹ̀."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ubaldo wò ó fínnífínní. "Yẹtí tuntun," ló wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Nubia tẹ̀lé e wọ yàrá. "Ẹ̀rọ tìẹ yìí, ṣé kì í sọ ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ rí ni?"

"Ó máa ń sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fi àwòrán tó pé ránṣẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, títí èèyàn á fi jọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

"Ó dáa," ni Nubia wí. "Ọjọ́ Sọ́ńdè ni tìẹ."

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn kọfí àárọ̀, Ubaldo gbọ́dọ̀ jókòó kó ro gbogbo ọ̀sẹ̀ láìfo nǹkan kan: ẹni tó bá pàdé, ibi tó ń dùn ún, bí ìyàwó ẹ̀ ṣe rí lójú ẹ̀. Ó ráhùn pé ìfidátàṣòfò gbáà ni. Ṣùgbọ́n Nubia ṣàkíyèsí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Ìgbà kan tún wà tó fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ sí Chile, kí wọ́n gbé e sí ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ilé Eneida. Inú àpótí yẹn ni fídíò á ti kọ́kọ́ máa kó jọ, kó tó gun àtẹ̀gùn bá Eneida; kò ní máa ti ìlú Palmar rìn wá ní gbogbo ìgbà mọ́. Kò burú. Àmọ́ àpótí náà máa ń gbóná, oníbúrẹ́dì sì rí i pé ìyẹ̀fun tí òun pò máa ń tètè wú lórí ẹ̀. Ìgbà tí Ubaldo pè láti béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, oníbúrẹ́dì dúpẹ́ dúpẹ́, ó ní kó fi méjì sí i ránṣẹ́.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ló wá rí ohun tó ń wá. "Ojú èèyàn ni èèyàn ń wò," ló wí fún Nubia. "Kí ni Eneida fẹ́ fi sánmà ṣe? Kí ló fẹ́ fi títì ṣe?" Ó kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa wá ojú èèyàn kiri. Ibi tó bá ti rí ojú, ibẹ̀ ni yóò bu ìpín dátà tó pọ̀ jù fún. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí gbogbo ayé pín in. Ó dán an wò lára Nubia ní kíṣìnnì. Ìkòkò ọbẹ̀ di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n irun ìpéǹpéjú Nubia ṣeé kà.

"Ìhunjọ ara mi náà ńkọ́?" ni Nubia pariwo. "Taa ló ní kó rí ìyẹn?"

Oṣù méje ló fi ṣe é. Dókítà ti sọ fún un nígbà náà pé ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló sọ fún Nubia.

Ọjọ́ pé. Kámẹ́rà wà lórí òrùlé ilé oògùn, wáyà ẹ̀ gba orí títì kọjá. Bí àwọn oníjó ṣe yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, igi tó gbé wáyà dúró kán. Ubaldo sáré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wáyà sókè, kí wọ́n lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró bẹ́ẹ̀. Nubia ló jókòó sídìí kọ̀m̀pútà, Eneida wà lórí fóònù, Nubia sì tẹjú mọ́ àwòrán.

Àwọn oníjó Congo kì í jáde láìkun ojú. Wọ́n ti kùn ún ní funfun, wọ́n fi pupa yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, wọ́n fi awò dúdú sójú; àwọn yòókù gbé orí màlúù àti orí ewúrẹ́ onígi wọ̀; ìyẹ̀fun sì ti bo ojú àwọn òǹwòran. Ìyẹn ni Ubaldo gbàgbé, ọmọ ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Kíṣìnnì ni ẹ̀rọ ẹ̀ ti mọ ojú èèyàn. Nínú gbogbo èrò yẹn, ojú kan ṣoṣo ló rí, ó sì kó gbogbo ìpín fún un: ojú Ubaldo, ní igun àwòrán, ó mọ́ rekete. Àwọn tó kù di ẹrẹ̀ aláràbarà tó ń fò. Ubaldo ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń wo òun. Ó ń kọrin bàbá wọn, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń fi ètè fẹ́ ẹ̀fọn tó bà lé e nímú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni Nubia bẹ̀rẹ̀, "ijó náà ti bà..."

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan!" ni Eneida wí. "Taa ló gé irun yẹn fún un?"

"Èmi ni, mà."

"Ó hàn. Etí bàbá wa ló wà lórí ẹ̀ yẹn. Ìgbà wo ló gbé e?"

Ìgbà tí ijó kọjá, Ubaldo wọlé, apá ẹ̀ ti kú tipiri. "Ṣé ó rí i?"

Nubia fi àwòrán hàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún méje, ojú ara òun ni òun fi ránṣẹ́! Nubia gbé fóònù sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ẹ ò rí ijó."

"Ijó wo? Ijó tí mo rán aṣọ ẹ̀, ṣé mo lè gbàgbé ẹ̀ ni? Ọdún méje lo fi kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù, o ní àwòrán ò dáa tó. Ìwọ ni mi ò rí, òpònú."

Oṣù kẹfà ni Ubaldo kú, wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo Palmar tẹ̀lé e dé itẹ́, Argemiro ló sì sunkún jù.

Fídíò yẹn wà lọ́wọ́ Eneida. Ó máa ń tàn án bó bá ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́, Nubia á sì máa gbọ́ orin náà lórí fóònù. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n, Ubaldo á gbójú sókè, á wo kámẹ́rà tààrà, ojú ẹ̀ á rọ̀ bí ẹni tí ò dá a lójú pé kámẹ́rà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Eneida á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi," lá wí. "Mò ń rí ẹ dáadáa."