Ikùn Kékeré Ọmọ́yẹlé

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bí ẹ bá dé ìlú Aládé tí ẹ béèrè Ọmọ́yẹlé, ọmọdé gan-an á júwe ilé rẹ̀ fún yín. Obìnrin náà sanra, ó sì mọ̀ pé òun sanra. Bó bá nawọ́ dá ọlọ́kadà dúró, onítọ̀hún á kọ́kọ́ bojú wo táyà rẹ̀. Ọmọ́yẹlé á sì rẹ́rìn-ín: "Fi táyà sílẹ̀ jàre, ojú ọ̀nà ni kí o máa wò."

Ṣùgbọ́n orúnkún ò mọ àwàdà. Nígbà tí àtọ̀gbẹ tún dara pọ̀ mọ́ ọn, tí kò lè rìn dé oko kòkó rẹ̀ mọ́, Olúwatóyọ̀sí ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Àbújá. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n dín ikùn rẹ̀ kù. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra fún ọtí.

"Èmi ọmọ adẹ́mu?" ni Ọmọ́yẹlé wí. "Ẹmu ò mọ ọ̀nà orí mi, ọmọ mi."

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kí wọ́n tó gé ikùn rẹ̀ nìyẹn.

Ó fúyẹ́, orúnkún dákẹ́, ó padà sóko, inú gbogbo àdúgbò dùn. Kìkì pé iyán tó fẹ́ràn, òkèlè mẹ́ta péré ló lè jẹ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún jẹ iyán wá ń wo abọ́ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó fi í sílẹ̀ lọ! Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó yí òkìtì kòkó ká, wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu síwájú olóko. Olóko ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí kò bá tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni ò ní mu. Ọmọ́yẹlé da ife kan sọ́nà ọ̀fun bó ti máa ń ṣe. Kó tó gbé ife sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń yí. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ó gbádùn rẹ̀. Àyè tí iyán fi sílẹ̀, ẹmu gbà á. Kò pẹ́ tó fi ń rọ ọ́ sínú fúláàsì tíì. Akínlẹ́yẹ ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń gbàdúrà.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí di ọjọ́ tí àdá yọ̀ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹlé nídìí kòkó, tó gé Mọ́nsúrù, àlejò tó ń bá wọn dáko, ní àtàǹpàkò. Mọ́nsúrù di ọwọ́ mú, ó ní, "Ìyá, ẹ má sunkún, kò jìn." Ìyẹn gan-an ló dun Ọmọ́yẹlé jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe dókítà. Dókítà ò bá a wí. Ó ní lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kíákíá ni ọtí ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń di bárakú fún àwọn mìíràn, ìtọ́jú sì wà.

"Mo rò pé ìwàkiwà ni," ni Ọmọ́yẹlé wí, ó bú sẹ́kún.

Akínlẹ́yẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Dókítà, ọjọ́ wo ni ká máa bọ̀?"

Wọ́n lọ, wọ́n tún lọ. Nígbà tí ọjọ́ fífọ́ kòkó tún pé, adẹ́mu gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Kò sẹ́ni tó rántí dá a dúró. Gbogbo ojú yí sí olóko. Ọmọ́yẹlé gbé ife, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní tọ́ ọ wò. Látìgbà tí wọ́n ti gé ikùn mi ni ẹmu ti borí mi. Ẹmu ló gé Mọ́nsúrù lọ́wọ́."

Olúlékè, àgbà òṣìṣẹ́ tí kì í fi ẹmu ṣeré, wo kẹ́ẹ̀gì, ó mí kanlẹ̀, ó sì dojú ife rẹ̀ dé. Àwọn yòókù dé tiwọn.

"Yèyé, ṣé ẹ ó bá wa fọ́ kòkó?" ni Olúlékè bi í.

"Mo máa bá yín fọ́ ọ," ni Ọmọ́yẹlé wí, omi lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi kíá, torí ó ṣì ń wù mí í mu."