Àwọn Àpò Tó Ń Lọ sí Ẹ̀yìn Bomo

Ní Muchia, àdúgbò wa ní Zaria, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ìhà abúlé Bomo, a máa ń gbọ́ ẹ̀rọ kan láti àárọ̀. Kì í pariwo. Ó máa ń dún bí ẹni tó ń mí nínú yàrá kejì. Bí mo bá ń wẹ̀, màá gbọ́ ọ. Bí mo bá ń ti ilẹ̀kùn kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá tún gbọ́ ọ. Ìyá tó ni ilé tí mo ń gbé a sì pè mí láti ibi tó ti ń dáná:

"Àǹtí akọ̀wé, ọmọ yín ti jí o!"

Ó ń fi mí ṣeré ni. Ọmọ tó ń wí ni iléeṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn Bomo, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣa ẹ̀pà, kí wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára. Iléeṣẹ́ tí èmi ń bá ṣiṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Wusasa, mo sì ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìṣirò owó lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Kwara bíi tiwa, alàgbà nínú ìjọ. Ẹ̀pà ló ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó ń kó sí sítọ́ọ̀, tó sì ń tà fún àwọn tó ń fún òróró. Nígbà ìkórè, tí ọwọ́ kì í ká iṣẹ́, èmi náà a máa bá wọn rán ẹnu àpò. Òwú aláwọ̀ ewé ni mò ń lò, èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo rán. Mo máa ń ká ìdí òwú náà padà sẹ́yìn kó má baà tú, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe sí etí aṣọ.

Akáńtáǹtì kan máa ń ti Kaduna wá wo ìwé wa ní ìparí ọdún. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gúrò, obì àwọn Hausa, kì í tán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé a ti ra ibi ẹ̀rọ ẹ̀pà, ó fà mí jókòó.

"Ìyá àti ọmọ ni yín báyìí," ó ní. "Ọ̀gá yín ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpín. Ẹni tó bá ní ju ìdajì lọ ló ń pàṣẹ. Tó bá di ìparí ọdún, a ó kó ẹrù ìyá àti ẹrù ọmọ sójú kan, a ó kà á bí ẹrù ilé kan ṣoṣo."

"Ẹ̀pà tí a ń tà fún wọn ńkọ́, sà?"

"Ta ló ń ta ọjà fún ọmọ inú ilé rẹ̀, tó wá ń yọ̀ pé òun jèrè? A ó pa á rẹ́. Èyí tí wọ́n bá tà padà fún yín, a ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ohun tí ará ìta bá rà nìkan ló jẹ́ títà."

Mo bi í pé bí ìpín wa bá wá kéré sí ìdajì ńkọ́.

"Áà, ìyẹn ti di ọ̀rẹ́, kì í ṣe ọmọ mọ́. Ìlà kan la ó kọ nípa rẹ̀, ìpín tiyín nínú èrè tó bá lóun jẹ. A kì í wọ yàrá ọ̀rẹ́ lọ ká máa ṣí ìkòkò rẹ̀ wò."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé n ó tún rántí ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn.

Opó ni ìyá onílé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámá. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì fi sílẹ̀ fún un ni ilé Muchia náà, yàrá méjì-méjì tó kọjú síra wọn, tí àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Owó yàrá wa ló ń jẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá mi yà wá kí i.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o."

"Ọkọ mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Màámá dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n agbolé kan náà ni ọ̀gá àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ti jáde, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ sí i. Màámá kúnlẹ̀ kí i kó tó lọ gbé omi wá.

Ọ̀gá wo òrùlé. "Ilé yìí ti ń gbó, ìyàwó wa. Kò yẹ kí ẹ máa lé àwọn ọmọ yunifásítì kiri nítorí owó yàrá. Ẹ tà á. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ogún ìpín lọ́wọ́ mi níbi ẹ̀rọ ẹ̀pà. Ẹ ó jókòó, ẹ̀rọ á máa bá yín ṣiṣẹ́." Ó gbé ìka sókè. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ bí?"

Gbogbo wa tẹ́tí. Ẹ̀rọ náà ń mí lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ń ṣírò rẹ̀. Ọgọ́ta, bí a bá yọ ogún, ó ku ogójì. Ọmọ yóò di ọ̀rẹ́. Akáńtáǹtì kò ní ṣí ìkòkò rẹ̀ wò mọ́.

Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, Màámá bi mí léèrè. "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń jèrè lóòótọ́?"

"Nínú ìwé, ó ń jèrè gan-an, Màámá."

"Inú ìwé kọ́ ni mò ń gbé, Muchia ni mò ń gbé. Lọ bá mi wò ó. Bí mo bá ta ilé yìí tán tí kò rí bẹ́ẹ̀, níbo ni n ó gbé orí mi sí?"

Ọjọ́ Sátidé ni mo gun àṣàbá, ọ̀kadà àwa ará Zaria, lọ síbẹ̀. Ọyẹ́ mú. Oòrùn funfun, kò ní agbára, pòròpórò bàbà sì dúró nínú oko bí àwọn èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni ìró ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ̀rọ tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu máa ń hó, á máa dà wàràwàrà bí òjò lórí páànù. Ti èyí ń lọ geere, kò kọlu nǹkan kan.

Mo wọlé. Àwọn obìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ajọ̀ ńlá náà, wọ́n gbé fàìfàì, àtẹ tí wọ́n fi koríko hun, lé itan. Kò sí nǹkan nínú fàìfàì kankan. Ajọ̀ ń gbọ̀n, bẹ́líìtì ń yí, ẹnu ẹ̀rọ ṣófo. Ibi tí ẹ̀pà ì bá ti máa gbà kọjá ti kún fún eruku. Gbogbo wọn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kí mi pé, "Sannu da zuwa," wọ́n sì tún sorí kọ́.

Mẹ́gáàdì, bàbá arúgbó kan, wá bá mi. Mo fi Hausa bi í pé ẹ̀pà dà. Ó tọ́ka sí àwọn àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àná ni wọ́n dé. Ọ̀la ni wọ́n ń padà."

"Ẹ ò tú wọn ni?"

"Babu. Wọn ò sọ pé ká tú wọn."

"Kí wá ni ẹ̀rọ ń ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ni oòrùn ń ṣe. "Ó ń dún. Ọ̀gá ní kó máa dún. Tó bá dákẹ́, àwọn èèyàn á sọ pé ó ti kú."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bo ẹnu. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ ti gbé ẹ̀rín náà mì.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn àpò. Òwú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán ẹnu wọn, ìdí òwú náà sì ká padà sẹ́yìn. Ọwọ́ mi ni. Ìkórè èṣí ni mo rán wọn, kò sì sí ẹni tó tíì já òwú náà. Igun àpò ti fà ya nítorí gbígbé sókè, gbígbé sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan. Ó tẹ̀ wọlé bí ìrọ̀rí. Mo yára fa ọwọ́ mi padà.

Ọ̀rọ̀ wá yé mi lójú ọ̀nà. Àwa ń ta àpò fún ọmọ, a ń kọ èrè. Ọmọ ń ta àpò kan náà padà fún wa bí ẹ̀pà tí wọ́n ti ṣà, òun náà ń kọ èrè. Gbogbo ìgbà tí àwọn àpò yẹn bá la Bomo kọjá ni iye wọn ń ga, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹyọ ẹ̀pà kan nínú wọn.

Mo ròyìn fún Màámá. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ nìkan ló ń ra òwú aláwọ̀ ewé ní Zaria yìí ni?"

"Ọwọ́ mi ni, Màámá. Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́. Bí mo bá sọ fún un, á ní ta ló sọ. Wọ́n á lé ọ. Ìyàwó ilé kì í sì í sọ fún ọkọ pé kó ṣí àká rẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò." Ó da ẹ̀wà sínú omi. "Ẹni tó fẹ́ ra ilé ti wá wọn ògiri lánàá."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí àká náà. Ó ní ìwé ìpín yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ayé nìkan, kí àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà sí sítọ́ọ̀ kí Màámá tó fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ṣe láàárín wa: ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ọjà tuntun, àwọn ìyá á lọ gbé ọwọ́ lé ọjà náà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Sítọ́ọ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, àpò dé àjà. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá dúró láàárín wọn nínú agbádá funfun, inú rẹ̀ ń dùn. Atẹ́gùn kò fẹ́ láti Bomo lọ́jọ́ náà, a kò gbọ́ ẹ̀rọ rárá. Ìyá ìjọ tó ṣáájú wá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé ọwọ́ lé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wa, ká dákẹ́ díẹ̀ níwájú Olúwa."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé àpò. Wọ́n dákẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé iyanrìn ló ń dà níbì kan. Lẹ́yìn náà, ó dà bí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ń jẹun pẹ̀lú ẹnu pípadé, jẹ́jẹ́, láìsinmi. Inú gbogbo àpò ló ti ń wá, láti ilẹ̀ dé àjà, láti ẹ̀yìn wa. Ìyá kan la ojú kan. Òmíràn gbé ọwọ́ kúrò, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe àmín.

Màámá gbé etí lé àpò bí wọ́n ṣe ń gbé etí lé àyà ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ìyẹ̀fun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Àmín," ọ̀gá nìkan ló dá a ṣe. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká lọ fọwọ́ sí ìwé."

"Ọkọ mi, ẹ wá gbọ́."

"Kí ni?"

"Ẹ wá gbé etí lé e."

Kò wá. "Kò sí ọjà tí kòkòrò kì í sí nínú rẹ̀, ìyàwó wa."

"Ọjà wá dà, Alàgbà?" ìyá tó nu ọwọ́ ní. "Kòkòrò nìkan lèmi ń gbọ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Màámá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òrùlé ilé ọkọ mi ń jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ, ó sì jáde.

Ọgọ́ta ìpín náà kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Nígbà tí akáńtáǹtì dé, ó kó ìyá àti ọmọ sójú kan. Èmi ni mo di rúlà tó fi ń pa ìlà rẹ́ mú. Títà wa fún wọn, ó pa á rẹ́. Títà wọn fún wa, ó pa á rẹ́. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò jẹ gúrò mọ́. Ó yí ìwé sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan kan jábọ́: èrè tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú àwọn àpò. Èèpo ni, àti ìyẹ̀fun, àti òwú mi.

Mi ò gbà pé ọ̀gá fẹ́ rẹ́ opó jẹ. Ó ra ẹ̀pà lówó gọbọi, owó ẹ̀pà já wálẹ̀, ó ń dúró kó tún gòkè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ẹrù òun ń sùn. Ó pẹ́ títí, òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́. Mo ti rí i tó dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì, tó ń tẹ́tí sí ìhà Bomo.

Wọ́n ta ẹ̀rọ náà. Lọ́rì gbé e gba Muchia kọjá lójú wa, wọ́n dá a dùbúlẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ ń fì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, atẹ́gùn fẹ́ láti Bomo. Mo ń ti ilẹ̀kùn. Màámá wà níbi tó ti ń dáná.

"Àǹtí akọ̀wé, ọmọ yín ti jí..."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ, ó ń mí, geere, lọ́ọ̀ọ́kán. A kò wo ojú ara wa.

Màámá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ àwa tó ń gbé inú ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kúrò níwájú ilẹ̀kùn kankan títí ẹni tó wà níbẹ̀ yóò fi dá a lóhùn. Nígbà tó kàn mí, ó pe orúkọ mi bí ẹni pé kò rí mi níbi tí mo dúró sí.

"Mo wà níbí, Màámá," mo ní.