Ohùn Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rántí jù lọ nípa ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi lò kẹ́yìn nílé, n kò ní í sọ pé ojú rẹ̀ ni, n kò sì ní í sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ohùn ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlaròó lọ́sàn-án, kí n máa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí n sì gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn kó tó yà sí àdúgbò wa rárá: ohùn kan tó wúwo, tó sì há díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe kó tó sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ohun tó sì kù lọ́wọ́ mi jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé kí n máa fura sí ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ bá dá lójú jù. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí náà.

Kùtọnu ni a ti ra ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì ni, ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ ilé tí àtẹ́rígbà rẹ̀ kò ga. Mo ní ó pupa bí epo tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọ̀ àgbálùmọ̀ tó pọ́n ni. Màmá wa ní erùpẹ̀ ló bò ó, àwọn kò rí àwọ̀ kankan. Ní agbègbè wa, etí ni a fi ń ra ọkọ̀. Ẹni tó bá dé Kùtọnu kì í kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀, yóò ní kí wọ́n sitáátì rẹ̀ kí òun gbọ́. Ọkùnrin tó tà á fún wa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi bú ramúramù, ó sì ń pariwo pé, “Sípọ́ọ̀, sípọ́ọ̀.” Ìwọ̀nba Faransé tí àwa ará ibodè gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń kí ènìyàn, tí a sì fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣòro fún wa. A gbà pé bí ọkọ̀ eré ṣe ń dún nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó mi orí, kò sì tún wo ọkọ̀ mìíràn mọ́.

Kò gbà kí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án. Ó ní mẹkáníìkì a máa tún ẹyọ kan ṣe, a sì ba méjì jẹ́ kí o lè tún pa dà wá. Nítorí náà ọjọ́ Sátidé di ọjọ́ ọkọ̀. Títì Ìlaròó sí Ajílété kò mọ̀ pé ọkọ̀ eré wà láyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá ni ikùn rẹ̀ ti ń ha ilẹ̀. A ní kí fọkanáísà gé rọ́bà tó nípọn fún wa lára táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó, a tì wọ́n bọ ìdí sípíríngì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ sì dìde. A pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ páàdì bíréèkì, a fi ọṣẹ ìfọyín fọ gíláàsì iná iwájú tó ti ṣú títí ó fi mọ́ kedere. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, yóò ní ṣé òun ni mo ń tan iná fún ni tàbí àwọn aláǹgbá.

Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì tíì fẹ̀yìn tì kúrò nínú títọ́ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni sọ́nà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

“Ẹ lọ ra ọkọ̀ kúkúrú, ẹ wá ń sọ ọ́ di gíga. Ṣé wọn ò ta èyí tó ga ní Kùtọnu ni?”

Abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé abẹ́ ọkọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti jáde, tó ń nu ọwọ́. Mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ wá ohun tí mo kọ nípa àwọn Sátidé wọ̀nyẹn, gbólóhùn kan náà ni mo ń rí: a ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ lónìí. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó rí iṣẹ́ sí Kánádà, ó sì lọ. Ó fi ọkọ̀ sí ìkáwọ́ mi, ó ní òun yóò máa wá ní gbogbo Kérésìmesì. Kérésìmesì ti ń kọjá láti ìgbà náà, kò sì tíì wá. Ṣùgbọ́n ó ń pè, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń béèrè ni, “Ọkọ̀ ńkọ́?” Màmá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Èmi náà ṣì ń sitáátì o,” ni wọ́n sọ fún un.

Kí n má purọ́, èmi kò bínú sí ìbéèrè náà rí. Ènìyàn tó bá ṣì ń béèrè nǹkan nílé, ilé ṣì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ń yí ọ́ìlì padà, tí mo sì ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé okùn kan ni mo ń tún so.

Ní àárín ọdún tó kọjá, mo ń gbé Màmá lọ sí ìpàdé ìjọ ní Ajílété, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Òórùn èéfín ti wọ inú ọkọ̀. Orí fọ́ èmi náà kí a tó dé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, mo fi ìtì igi tì í, mo wọlé sábẹ́ rẹ̀. Níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó dí àárín wọn ti jóná tán. Bébà tín-ínrín dúdú kan péré ló kù. Èéfín ń gba ibẹ̀ jáde kó tó dé inú sàlẹ́ńsà. Ipata tó wà lára bóòtì rẹ̀ fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tú u láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì dá mi lójú, bí nǹkan kan bá lè dá mi lójú, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti Kùtọnu wá. Mo fi tuntun sí i, mo dè é. Nígbà tí mo sitáátì ọkọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan ju kùn-ún jẹ́jẹ́ lọ. Ó dára. Ó dára gan-an. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo sì rò pé ẹlòmíràn ti wọlé wá jókòó sípò ẹni tí mo mọ̀.

N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó pè. Kò béèrè ọkọ̀. Ó ní òun kò ní í lè wá lọ́dún yìí náà, àti pé òun ti ronú sí i: kí n ta ọkọ̀ náà, ó ń jẹ àkókò mi lásán. Ohùn rẹ̀ tutù, bíi ti ẹni tó ti dá ara rẹ̀ lóhùn kó tó béèrè. Ẹ̀rù bà mí. Bí ọkọ̀ bá lọ, kí ni yóò tún máa béèrè? Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ó dáa. Ó jọ pé kì í ṣe nítorí tirẹ̀ ló ṣe gbà, nítorí tèmi ni.

Ní Sátidé, mo fi fídíò pè é, mo gbé fóònù tì mọ́ iwájú gíláàsì, mo ṣí ojú ẹ́ńjìnnì, mo sì sitáátì. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ aṣọ òtútù nínú ilé. Ó tẹ́tí. Ó sún mọ́ fóònù.

“Ọkọ̀ ta nìyẹn?”

“Tiyín ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àbúrò, má fi mí ṣeré. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ nìyẹn.”

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ Màmá, mo sọ ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, mo ní ohun tí a ń pè ní sípọ́ọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, jíjò ni. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun rántí dáadáa pé ohùn tó ní ní Kùtọnu mọ́, nígbà tó dé Ìlaròó ló wá ki. Èmi rántí pé ó ki láti Kùtọnu. Àwa méjèèjì la jọ lọ, àwa méjèèjì la jọ dúró níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè pè láti wá là wá níjà. Màmá gbọ́ wa láti inú ilé.

“Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn tí mò ń sọ pé ọkọ̀ yìí ń ṣàìsàn,” ni wọ́n wí, “ẹ ní n kò mọ orin.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí, bí ẹni tí ojú ń tì, bóyá bóòtì náà ṣeé tú díẹ̀, kí òun kàn gbọ́ ohùn àtijọ́ náà.

Mo pa ẹ́ńjìnnì náà, mo dúró kó tutù. Kò pa fóònù. Mo rí i tó ń po tíì, tó ń wo ojú fèrèsé tí n kò lè rí ohun tó wà níta rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo dẹ àwọn bóòtì náà, mo jáde, mo sì tún sitáátì.

Ohùn náà dé. Ó bú, ó há, ó gbọn ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ajá aládùúgbò wa gbó. Màmá jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo wo ojú fóònù, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti di ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá bí mo ṣe rántí ohùn náà gan-an ni. Ó jọ pé ó kéré sí ti ọkàn mi. Ṣùgbọ́n òun kò jiyàn mọ́.

“Má tíì pa á,” ló sọ.

N kò pa á. Ó pẹ́ kí n tó pa á, nígbà tí èéfín ti ń mú Màmá húkọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ de bóòtì náà mọ́, kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ títà yẹn, kí n jẹ́ kí òun tún rò ó. Mo fẹ́ gbà fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé bí ó bá ní kí n kọ orin náà fún un ní àràárọ̀, ǹ bá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni Màmá ń lọ sí ìjọsìn, èmi ni yóò sì gbé wọn.

“Màá dè é, Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí. “Àwa tó wà nílé là ń wọ̀ ọ́. Ohùn yín kò lọ sí ibì kankan, ó wà lábẹ́ bóòtì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ wá tú u fúnra yín.”

Ó bi mí bóyá òjò ti dáwọ́ dúró ní Ìlaròó, bóyá títì Ajílété ti gbẹ, àti bóyá ọkọ̀ tó ti pápá ọkọ̀ òfurufú wá lè rí ọ̀nà kọjá níbẹ̀ ní oṣù kejìlá. Mo ní ó ti ń gbẹ. N kò bi í pé ọdún wo.