Gèémù Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé kan nílé wa ní Ìkòsì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ gèémù ni, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹni tó bá mọ ọkọ mi, Daddy Tóní, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ PC, kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ti di ẹ̀sìn fún un. Nígbà tí a fẹ́ ra nǹkan ìṣeré sílé, èmi ní ká ra kọ̀ńsóòlù, àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kọ̀ńsóòlù ò lè kọ lẹ́tà, kò lè ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, pé PC ló ń ṣe tọ̀tún tòsì: èmi á fi ṣiṣẹ́, òun á fi ṣeré. Ó dùn létí, àbí? Mo gbà.

Uncle Ṣọlá, aládùúgbò wa, kì í gbà fún un rárá. Ẹlẹ́kọ̀ńsóòlù pọ́ńbélé lòun. Bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ní géètì ẹ́sítéètì, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn! Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n bá a débi pé ó di ìbínú. Ọkọ mi ní àwọn ọmọdé ló ń lo kọ̀ńsóòlù. Uncle Ṣọlá ní kó má kí òun mọ́ láyé. Àgbàlagbà méjì! Nítorí gèémù!

Èmi ò dá sí i, nítorí ohun tó ń jẹ èmi lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tuntun ni mò ń wá. Erékùṣù Èkó ni ọ́fíìsì mi wà nígbà yẹn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde, Tóní á sì ti sùn kí n tó wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ bóyá Mummy máa wá kí àwọn lọ́la. Kí wọn! Bí àlejò! Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ látilé wá pè mí fún ìdánwò, ẹ lè ronú bí inú mi ṣe dùn tó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìdánwò náà. Wọ́n á máa fi kámẹ́rà wò ọ́, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá wọlé kí àkókò tó pé, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, kò sí pé ẹ jọ̀ọ́. Ní Túsìdé, mo fi PC wa dán an wò. Ó ní kò síṣòro.

Sátidé dé. A ti gbé Tóní lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Anthony. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbàdúrà, mo tẹ líǹkì. Wọ́n yẹ kámẹ́rà wò, ó dáa. Wọ́n yẹ ohùn wò, ó dáa. Ni nǹkan pupa bá yọ: ohun kan ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yìí tí a ò fọwọ́ sí, ẹ pa á. Mo pa gbogbo ohun tí mo rí. Pupa náà tún yọ.

Mo figbe ta. Ọkọ mi sáré wọlé, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Tọ́sìdé, gèémù rẹ̀ ní òun fẹ́ ṣe update, ìyẹn ni pé kó fa àtúnṣe tuntun wọlé. Update yẹn gbé ẹ̀ṣọ́ kan wọnú kọ̀ǹpútà wa, láti máa mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó nínú eré. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í sùn o! Bí o bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, ó ti jí, yálà ò ń ṣeré tàbí o ò ṣe, á sì máa yọjú sí gbogbo ohun tí ò ń ṣe. Àwọn onídánwò rí i, wọ́n ní àwọn ò bá a gbé yàrá kan náà.

Ṣé àwọn onígèémù tọrọ àyè kí wọ́n tó gbé e wọlé? Wọ́n tọrọ. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, wọ́n wá fi “Mo gbà” sísàlẹ̀. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, gèémù tí o fowó ara rẹ rà ò ní ṣí mọ́. Ta ni kò ní tẹ̀ ẹ́?

Ọkọ mi yọ gèémù náà kúrò. Ẹ̀ṣọ́ ṣì wà níbẹ̀! Ó lé ayálégbé lọ, ajá ayálégbé ṣì ń gbó nínú ọgbà. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ẹ̀ṣọ́ rí, wọ́n ní ó di dandan kó pa kọ̀ǹpútà kó tún un tàn. Ó pa á. Ìgbà tó máa tàn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní òun náà ń ṣe update, ká má fọwọ́ kan òun.

Jésù! Nọ́ńbà update yẹn ń rìn bí ìgbín lójú ẹ̀rọ. Mo bi ọkọ mi pé nínú ọ̀tún àti òsì tí PC rẹ̀ ń ṣe, èwo ló ń ṣe báyìí?

Ẹ má bi mí nípa láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì mi o. Ṣé ohun ìní ọ̀gá mi ni kí n fi wáṣẹ́ síbòmíràn? Fóònù, wọn ò gbà á. Ilé kan ṣoṣo tó sún mọ́ wa tí mo mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù wà ló kù, ilé Uncle Ṣọlá. Ọkọ mi ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ti wà lójú ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ mi ò bára mu.

Pálọ̀ Uncle Ṣọlá kún, ariwo sì ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti dé láti wá gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ńsóòlù, gèémù tuntun. Àmọ́ wọn ò tíì gbá nǹkan kan. Wọ́n ra díìsìkì nínú páálí, wọ́n tì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ò pé, kí wọ́n lọ fi dátà fa ìyókù. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Ẹ ò rí i pé tọ̀hún náà ò yọ sílẹ̀!

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní láptọ́ọ̀pù yín. Ìdánwò mi ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ó wò mí. Ó wo ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò lè wọlé. Lọ́kàn mi, mo ní ó ti parí.

“Mummy Tóní, ẹ dìde. Ṣé ẹ̀yin ni mo bá jà ni?”

Ó gbé láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ rẹ̀ fún mi nínú yàrá. Gèémù kankan ò wọ ibẹ̀ rí, nítorí gèémù ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Mo ní kí sọfitiwia tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà wọlé sórí rẹ̀. Ó ń yí. Ó ń yí. Kò wọlé! Kọ̀ńsóòlù ti gbé gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mì. Mo ké sí Uncle Ṣọlá pẹ̀lú omi lójú.

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Díẹ̀ ló kù kí gèémù náà parí wíwọlé. Bó bá dá a dúró bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tún padà sí. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa wáyà kọ̀ńsóòlù yọ lára ògiri.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ pariwo. Wasiu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12, ẹni tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti géètì, ló rọra ní, “Abeg, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ̀ẹ́ ba ìdánwò jẹ́ fún Mummy Tóní.”

Sọfitiwia wọlé, ó ní láptọ́ọ̀pù dáa. Mo wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì gan-an! N kò gbọ́ ìró ẹnikẹ́ni, mo rò pé wọ́n ti jáde ni.

Nígbà tí mo parí, mo ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wọn wà níbẹ̀! Wọ́n ti pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀, òógùn bò wọ́n. Ọkọ mi jókòó ti Uncle Ṣọlá, ó ń fi páálí gèémù yẹn fẹ́ ẹ. Mo ní mo ti parí. Wasiu bá fi ohùn Mile 12 kígbe “Halleluyah!”, Mùsùlùmí òdodo!

Mo gba iṣẹ́ náà o, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ̀rọ tí o fi ń wá oúnjẹ, má jẹ́ kí gèémù tó ní òun ò ní í sùn wọ inú rẹ̀. Èkejì ló dùn mí jù. Ẹni tó ta gèémù PC fún wa fi ẹ̀ṣọ́ sílé wa, ẹni tó ta díìsìkì ta páálí àti ìlérí. Àwọn ọkùnrin wa wá ń bára wọn jà ní géètì nítorí àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, aládùúgbò nìkan ló fa wáyà yọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni “Mo gbà” ti gbà lọ́wọ́ yín rí? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á. Ilé ni mo wà.