Ojú Tó Kù Lára Àwòrán Justine

Ọkọ mi, Gédéon, kò kọ́ àwòrán yíyà níbì kankan. Ara ibojì ló ń yà á sí, ní Dassa níbí àti láwọn abúlé Gbaffo. Iṣẹ́ tí òkú ṣe láyé ló máa ń yà: àgbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, aránṣọ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ojú ló ń fi kẹ́yìn, níṣojú ẹbí.

"Àwòrán tí kò lójú kò tíì jẹ́ ẹnì kan," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹni tó bá wù ú lè pa á rẹ́. Tó bá ti lójú, ó ti di ènìyàn."

Gbogbo wa lórí òkè yìí la mọ òfin náà.

Lọ́dún tó kọjá, òkúta yí lu Justine níbi tó ti ń fọ́ òkúta fún Dominique, ọ̀gá tó ń gé òkè wa tà, ó sì kú. Dominique ra sìmẹ́ńtì ibojì, ó ní kí Gédéon ya òdòdó àti áńgẹ́lì sí i. Perpétue, ìyá òkú, wá bá wa nílé.

"Bàbá Sandrine, ọmọ mi ò gbin òdòdó rí."

Gédéon ya Justine pẹ̀lú òòlù léjìká, ẹsẹ̀ lásán, òkè tí wọ́n ti gé jẹ dé ìdajì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí Dominique.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ ya òkè?"

"Ìdí òkè ló kú sí. Ṣé kí n ya òkun ni?"

Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ayàwòrán ni kó mú inú èèyàn dùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí inú òun dùn, kó lọ mu ọtí sódábì.

Kó tó fi ojú sí i, àyà dùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó lọ.

Opó kì í jáde lọ́dọ̀ wa kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìyẹn ni Dominique gbójú lé. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àwọn èrò tó ń wá gbàdúrà sí Màríà ní Arigbo dé, ó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀, Gervais, pé kó fi ẹfun bo àwòrán náà kí àlejò má baà rí i. Perpétue sáré wá pè mí. Mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ mi jáde, mo mú agolo ọ̀dà dúdú Gédéon dání. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ẹnu rẹ̀ ni.

Gervais ti fi ẹfun kun òkè inú àwòrán tán. Dominique fúnra rẹ̀ dúró tì í.

"Ìyá Sandrine, ẹ padà sílé. Ẹ ò mọ àwòrán yà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ Justine."

Mo ki ìka bọ ọ̀dà, mo ya ojú méjèèjì sí i. Ojú kan tóbi ju èkejì lọ. Perpétue bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀: "Bó ṣe máa ń wò mí nìyí tí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀!"

"Kùn ún!" ni Dominique pariwo.

Gervais gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Pàtírọ́ọ̀nù, ó ti lójú. Ẹ kùn ún fúnra yín."

Dominique mú búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó wo Justine, Justine náà wò ó. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní mo ba ọ̀fọ̀ jẹ́. Ṣé kí n jókòó sílé máa sunkún ọkọ mi, kí wọ́n máa pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́? Èmi kọ́! Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ tún òkè náà yà. Kò gún. Òkè gidi tí wọ́n ń gé lọ́hùn-ún náà ò gún mọ́.